Òwú, Òkúta Méje àti Abẹ́rẹ́ Tó Ń Wo Àríwá

Òwú dúdú ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gírámà ní òṣùwọ̀n máàpù fún ọdún 29. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju báyìí lọ: o ó tẹ òwú náà mọ́ orí ọ̀nà tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí máàpù, o ó máa bá ọ̀nà náà yí bó bá ṣe ń yí, o ó fi èékánná sàmì síbi tó parí, o ó wá na òwú náà sórí rúlà. Máàpù tí a sábà máa ń lò fún ìdánwò WAEC jẹ́ 1:50,000. Ìwọ̀n kan lórí ìwé dúró fún irú rẹ̀ 50,000 lórí ilẹ̀; sẹ̀ǹtímítà méjì ni kìlómítà kan. Àwọn ọmọ ń gbà á, wọ́n ń yege. Àmọ́ n kò kó wọn jáde lọ́jọ́ kan rí pé kí a lọ fi ẹsẹ̀ wa wọn sẹ̀ǹtímítà méjì yẹn. Kò sí kọ́ńpáàsì kankan ní iléèwé wa àfi èyí tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì yà sára pátákó. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ká mi lára.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester. Lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, òkè ló máa ń gùn. Oṣù Kẹsàn-án ni mo lọ kí òun àti ìyàwó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo dé, lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀bà tán, ó nu tábìlì gbẹ, ó sì tẹ́ máàpù kan tó bò ó láti etí dé etí.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Kinder Scout nìyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi òwú hàn mí nígbà tí mo wà ní JSS. Ṣé ẹ mú òwú dání?"

Mo mú un dání. Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í kúrò nínú báàgì mi.

Máàpù náà, OL1 ti Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù Bìrìtìkó, jẹ́ 1:25,000. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni kìlómítà kan, mìlímítà kan péré sì jẹ́ mítà 25. Mo rí i pé ògiri òkúta tó pààlà láàárín oko kan àti èkejì wà lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí máàpù 1:50,000 kì í rí àyè fún. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sún mọ́ ilé: lókèèrè, òrùlé nìkan lo rí, bó o ṣe ń sún mọ́ ọn, o rí fèrèsé, o rí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Iye tó o fẹ́ rí ni yóò sọ bó o ṣe máa sún mọ́ ọn tó.

Iṣẹ́ ogun ló bí àwọn máàpù yìí. Ọdún 1791 ni wọ́n dá Ordnance Survey sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn Faransé lè gbógun dé, "ordnance" tó wà nínú orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìbọn àgbá. Máàpù àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, ti àgbègbè Kent, jáde ní 1801, íǹṣì kan sí máìlì kan. Inú mi dùn pé ohun tí wọ́n yà torí àgbá ti di ohun tí nọ́ọ̀sì kan fi ń mú àǹtí rẹ̀ rìn.

Mo fi òwú wọn ọ̀nà tí a máa gbà: láti ibùdókọ̀ ojú irin Edale, kọjá Upper Booth, gba orí àkàsọ̀ òkúta tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, dé òpó tó wà ní Kinder Low. Sẹ̀ǹtímítà 26. Kìlómítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọmọ mi ní kí n ṣírò àkókò, ó sì fún mi ní òfin tí William Naismith, ará Scotland kan, là sílẹ̀ ní 1892: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a sì fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn sókè. Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ bíi wákàtí méjì. Mo ní kó fi wákàtí kan kún un nítorí orúnkún mi.

Kí a tó ká máàpù náà, mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni lè rìn níbẹ̀. Ó fi ìka han abúlé Hayfield ní ìwọ̀-oòrùn òkè náà. Láti ibẹ̀ ni nǹkan bí 400 ènìyàn ti gbéra ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1932, tí Benny Rothman tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ṣáájú wọn, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wọ orí Kinder nígbà tí àwọn onílẹ̀ kò gbà kí ará ìlú tẹ ibẹ̀ torí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Ilé ẹjọ́ fi márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n, oṣù méjì sí mẹ́fà. Ọdún 1951 ni agbègbè náà di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Bìrìtìkó, òfin ọdún 2000 ló sì wá fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí irú ilẹ̀ gbalasa bẹ́ẹ̀, bí ọ̀nà tilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn gan-an ló sọ kọ́ńpáàsì di dandan. Ẹni tí wọ́n ní kó má kúrò lójú ọ̀nà kò nílò rẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa láti Piccadilly dé Edale lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Oòrùn ràn. Àgùntàn ń jẹ̀ káàkiri. A gun Jacob's Ladder díẹ̀díẹ̀, mo ń sinmi, ó ń dúró dè mí láìsọ pé òun ń dúró. Títí a fi dé òkè, n kò rí ohun tí a fẹ́ fi máàpù ṣe, nítorí ọ̀nà là kedere, àwọn tó ń bọ̀ wálẹ̀ ń kí wa.

Orí àpáta kan ni òpó Kinder Low dúró sí, òpó kọnkéré tó ga tó àyà mi, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Máàpù kọ 633 sí i, ìyẹn ni gíga rẹ̀ ní mítà. Mo fọwọ́ lé e, n kò sì tètè gbé ọwọ́ náà kúrò. Irú òpó yìí lé ní 6,500 tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ káàkiri Bìrìtìkó láti 1936, ẹni tó sì ṣe àwòrán rẹ̀ ni Martin Hotine. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ awọngun lé orí ọ̀kan, wọ́n á wo òmíràn lókèèrè, wọ́n á wọn igun tó wà láàárín wọn. Bó o bá mọ gígùn apá kan onígun mẹ́ta, tó o sì wọn àwọn igun rẹ̀, o mọ apá méjì yòókù láì fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe hun onígun mẹ́ta mọ́ onígun mẹ́ta títí wọ́n fi bo gbogbo ilẹ̀ náà. Lóde òní, sátẹ́láìtì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

"Ilé wa náà ní tiẹ̀," ni mo wí. Ní Minna, òpó kan wà tí wọ́n ń pè ní L40. Láti orí rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò tí àwọn máàpù Nàìjíríà dúró lé. Mo sì rántí àwọn ọmọ òpó náà, àwọn bíkìn sìmẹ́ńtì kékeré tí sáfeyọ̀ máa ń rì sí igun ilẹ̀ ẹni. Láyé àtijọ́, pèrègún ni a máa ń gbìn sí ààlà, nítorí kì í tètè kú. Bàbá mi ṣe méjèèjì sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn: pèrègún nítorí àwọn aládùúgbò, ìwé sọ́fè nítorí ìjọba. Fọ́tò ìwé náà wà lórí fóònù mi. Ó jẹ́ 1:500, plọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sí, dígírì tí ìlà náà kọjú sí, tí àwa olùkọ́ ń pè ní bearing, àti iye mítà rẹ̀. Èyí tó gùn jẹ́ mítà 30.48. Lórí ìwé náà, ó gùn ju ìka mi lọ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àti díẹ̀. Lórí máàpù Kinder, gbogbo gígùn ilẹ̀ bàbá mi kò ní ju mìlímítà kan lọ dáadáa.

"Bíkìn kejì ńkọ́, Àǹtí? Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Wọn ò tíì rí i. Igbó ti bò ó láti ọdún tí Bàbá àgbà ti lọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìkùukùu fi dé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó máa ń yára tó bẹ́ẹ̀. Ó gòkè láti ìwọ̀-oòrùn bí èéfín ìdáná tó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí n sì tó fi ìborùn bo etí, àpáta tó wà ní ogún mítà ti pòórá. Òtútù kan bá a wá. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a lè bi léèrè mọ́.

Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó tẹ́ máàpù, ó sì na kọ́ńpáàsì sí mi. Ọ̀rá líle tó mọ́ gaara ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwo róbótó kan wà tí wọ́n kọ 0 dé 360 sí lára, abẹ́rẹ́ olórí pupa sì ń léfòó nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Sweden ni irú rẹ̀ ti jáde ní nǹkan bí 1930 sí 1940, tí wọ́n so ohun ìwọngun iléèwé pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ òòfà.

"Ibi tó ga jù lórí òkè yìí ni a ń lọ," ni ó wí. "Mítà 636. Mítà mẹ́ta péré ló fi ga ju ibi tí a wà yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè mọ̀ pé ó ga. Ẹ mú wa débẹ̀, Mà."

Mo gbé etí kọ́ńpáàsì náà lé máàpù, láti òpó sí ibi tí wọ́n kọ gíga náà sí. Mo yí àwo náà títí àwọn ìlà inú rẹ̀ fi bá àwọn ìlà àríwá tó wà lórí máàpù mu. Nọ́ńbà tó dúró sí ẹnu àmì lé díẹ̀ ní 50, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Mo fi etí rẹ̀ wọn ìjìnnà náà: kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Mítà 700 àti díẹ̀.

Mo bi í pé ṣé a ò ní yọ nǹkan kúrò tàbí fi kún un. Ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ni: àríwá mẹ́ta ló wà, àríwá gidi ti ayé, àríwá ti ìlà máàpù, àti àríwá tí òòfà ń fa abẹ́rẹ́ sí, èyí tó ń ṣí kiri lọ́dọọdún. Ó ní láàárín ọdún wọ̀nyí àti ní apá ibí yìí, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè mọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé wọ orí ilẹ̀ ní abúlé Langton Matravers ní etí òkun gúúsù, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn Ordnance Survey. Láti ìgbà náà ló ti rìn lọ sí àríwá lórí ìlà kan tó kọjá nítòsí Kinder. Mo dúró nínú ìkùukùu náà, ara mi yá gágá. Ohun tí mo máa ń yà bí ọfà mẹ́ta sára pátákó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan lọ́wọ́ mi.

Mo yí gbogbo ara mi títí orí pupa abẹ́rẹ́ fi wọ inú ọfà, mo sì ní "Ọ̀nà wa nìyẹn." A gbéra. Mo ti ka ìṣísẹ̀ 40 nígbà tí ọmọ mi dúró.

"Àǹtí, ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí ló dé tó fi ń lu etí òsì wa báyìí?"

Mo wo abẹ́rẹ́. Ó wà nínú ọfà. Ọmọ mi wo ọwọ́ òsì mi, níbi tí mo ti di fóònù mú mọ́ ìsàlẹ̀ kọ́ńpáàsì, nínú àpò awọ tí òòfà máa ń pa dé. Ó rọra gba fóònù náà, abẹ́rẹ́ sì yí lójú mi, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó ju 30 dígírì lọ. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbọ̀n. Ìṣirò rẹ̀ ni mo ń ṣe nínú ọkàn: dígírì kan péré tó bá yà, mítà 17 ni láàárín kìlómítà kan, 30 dígírì á gbé wa lọ síbi tí n kò fẹ́ mọ̀. Kò bá mi wí. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí lára àwọn ẹlòmíràn, ó sì sọ fún mi pé òòfà fóònù tilẹ̀ lè yí abẹ́rẹ́ padà pátápátá, kí orí pupa máa wo gúúsù títí ayé. A tọ ipasẹ̀ wa padà nínú ẹrẹ̀ dúdú, ó sì hàn ketekete, títí a fi tún fọwọ́ kan òpó.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti mọ ohun tí sẹ̀ǹtímítà jẹ́.

Orí Kinder kì í ṣe àpáta bí Ìdánrè. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, ewéko àtayébáyé tí kò jẹrà tán di erùpẹ̀, òjò sì ti gbẹ́ ẹ sí kòtò kọ́lọkọ̀lọ tó jìn ju ènìyàn lọ. Bó o bá wọ kòtò kan, yóò fẹ́ máa mú ọ lọ síbi tó ń lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi bọ́ ni pé ọmọ mi ń ṣáájú títí yóò fi kù díẹ̀ kó wọnú ìkùukùu, èmi á dúró ti kọ́ńpáàsì, màá máa ké sí i, "Ọ̀tún díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró!" Nígbà náà ni màá wá bá a. Kò sí igi, kò sí àpáta tí a lè fi ojú mú, nítorí náà ènìyàn la fi ṣe àmì.

Èmi ni mo ń ka ìṣísẹ̀. Ní òpópónà wọn ní Manchester, ó ti fi okùn ìwọ̀n wọn mítà 100, mo sì rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bá tẹ ilẹ̀ ní ìgbà 70, mítà 100 ti pé. Òkúta kéékèèké méje wà nínú àpò ọ̀tún jákẹ́ẹ̀tì mi. Bí 70 bá pé, ọ̀kan á kọjá sí àpò òsì. Mo gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, ó ń dàrú mọ́ mi lójú. Mo padà sí Yorùbá. N kò fiyè sí i rí bí òǹkà wa ṣe ń wo iwájú. Bí mo bá ti dé àrùndínláàdọ́rin, nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé márùn-ún ló kù. Ẹ̀rìndínláàdọ́rin, ẹ̀tàdínláàdọ́rin, èjìdínláàdọ́rin, ọ̀kàndínláàdọ́rin, ọwọ́ mi sì ti wà lórí òkúta kí n tó pe àádọ́rin. Bí ẹni pé àwọn tó ṣètò òǹkà yìí ti fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ síbìkan. Nínú kòtò, n kì í ka ìsọ̀kalẹ̀ àti ìgòkè. Màá fojú wọn ẹnu kòtò náà bí ẹni pé afárá wà lórí rẹ̀, màá sì ka iye ẹsẹ̀ tó máa gbé mi kọjá.

Òkúta kẹrin. Òkúta karùn-ún. Ojú ń sọ fún mi pé a ti yà sí òsì jù, pé ilẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ dípò kó gòkè. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, ó ju kòtò lọ: kí o gba abẹ́rẹ́ gbọ́ nígbà tí gbogbo ara rẹ ń jiyàn. Nígbà tí òkúta keje kọjá, àpò ọ̀tún mi ṣófo. Mo ka ogún sí i. Ọmọ mi ti dúró níwájú mi, kò sì dúró torí pé mo ké sí i. Òkìtì òkúta kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìkùukùu, ẹrẹ̀, òkìtì òkúta tí kò ga dé orúnkún. Mo jókòó tì í, mo sì sunkún díẹ̀, ọmọ mi sì bu tíì láti inú fúláàsì fún mi.

Bíbọ̀ wálẹ̀, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló tún kọ́ mi tí kò sí nínú ìwé tí mo fi kọ́ni. A fẹ́ dé àwọn àpáta tí wọ́n ń pè ní Woolpacks ní etí gúúsù òkè náà, níbi tí ọ̀nà wà. Bí a bá kọjú sí wọn gan-an, tí a sì ṣàṣìṣe díẹ̀, a ó dé ojú ọ̀nà láìmọ̀ bóyá ọ̀tún ni wọ́n wà tàbí òsì. Nítorí náà ó ní kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí a bá ti tẹ ojú ọ̀nà, òsì la ó yà, láìṣiyèméjì. Bó ṣe rí náà nìyẹn: ọ̀nà, òsì, àti lójijì àwọn àpáta ràbàtà tí afẹ́fẹ́ àti òjò ti gbẹ́ di ẹran tó dùbúlẹ̀, bí agbo màlúù tó sinmi nínú ìkùukùu. Láti ibẹ̀, a padà gba etí òkè lọ sí Jacob's Ladder. Kí a tó délẹ̀, àfonífojì Edale ti mọ́ gaara lábẹ́ wa, ògiri lórí ògiri, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà wọ́n sórí ìwé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ní kó bá mi wá ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta kọ́ńpáàsì. Lẹ́yìn náà mo ṣí fọ́tò ìwé ilẹ̀ bàbá mi. Láti bíkìn àkọ́kọ́ sí èkejì: dígírì 118 àti díẹ̀, mítà 30.48. Mo fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn pé kó wá àdá, kó sì la ọ̀nà tóóró láti ìdí bíkìn àkọ́kọ́, kó má tíì gbẹ́ ibì kankan, nítorí tí mo bá dé, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yóò tẹ ilẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlélógún.